Apá Òsì Kóòtù Olórin

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìyá yìí ò mọ aṣọ rán. Àwọn oníbàárà rẹ̀ gan-an, tí wọ́n ní ẹjọ́ púpọ̀ láti rò, kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rán kóòtù fún ènìyàn, kóòtù náà á jókòó sí i léjìká bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ò ju pé kí kóòtù ọ̀hún tó tán, èjìká náà ti lè yí padà. Ọkùnrin kan gbé aṣọ wá nígbà tó ṣì ń wá iṣẹ́. Ìgbà tó fi máa rí i gbà, ó ti ríṣẹ́, wọ́n ti gbé e ga níbẹ̀, ikùn ọ̀gá sì ti yọ síwájú, bọ́tìnnì kò pàdé mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Lọ́la-Á-Tán. Kì í bínú sí orúkọ náà. Bí oníbàárà bá ti pariwo tán, á rọra gbé ojú sókè lórí maṣíìnì, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Òwe náà ò ṣẹ̀ ẹ́ rí, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń fi í ṣe ibi ìfarapamọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọjọ́ tí dókítà dá fún un gan-an ló bí i, àwọn oníbàárà sì máa ń sọ pé nǹkan kan ṣoṣo tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde rí lọ́jọ́ àdéhùn nìyẹn. Bóyá ibẹ̀ lọmọ náà ti kó o, nítorí ó dàgbà tán, ó di ẹni tí kì í pẹ́ dé ibikíbi. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Aago. Ìdí ẹ̀rọ ohùn ni Aago ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn olórin bá ti ń ṣeré. Òun ló ń so wáyà, òun ló ń pinnu ohùn tó máa ròkè àti èyí tí wọ́n á fà wálẹ̀. Bí wọ́n bá ní eré máa bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀sán ló ti ń bá àwọn tó ń gbálẹ̀ jà pé kí wọ́n kúrò lórí wáyà òun.

Ní ọjọ́ kan, Aago mú olórin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń ta gìtá oníná, kò sì sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Inú yàrá tó ń sùn ló ti ń kọ orin, ibẹ̀ náà ló ti ń gbà á sílẹ̀, nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Eré tó máa ṣe lọ́jọ́ Àìkú ni yóò jẹ́ èyí tó tóbi jù láyé rẹ̀. Bó ṣe mọ gìtá ta tó, ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ìyá fẹ́ wọn ọrùn rẹ̀, ó ní láti fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè bí ẹni ń gbé ìdérí ìkòkò. Olórin náà ní kóòtù dúdú lòun fẹ́, kó má dán, kó má ní ọ̀ṣọ́ kankan, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ kíyè sí i.

"Ṣé o fẹ́ kí n rán kóòtù ni, àbí kí n rán òkùnkùn?" ni ìyá bi í.

Olórin náà ronú sí i dáadáa. "Èyíkéyìí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, mà," ló wí.

Nígbà tó jáde, Aago dúró sẹ́yìn. Ó ku díẹ̀ kó ṣe ìgbéyàwó. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ọmọlúàbí ni, ìyá sì ti gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò tíì sọ ni ta ló máa rán aṣọ ìgbéyàwó. Ìyá ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni.

"Màmá, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa wá gba kóòtù yìí," ni Aago wí. "Bó bá tán lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀yin lẹ máa rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Bí kò bá tán, télọ̀ kan wà níwájú ilé ìfowópamọ́, ó gbé aago ńlá kan kọ́ sára ògiri. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo máa gbé e lọ."

"Ọmọ bíbí inú mi?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màmá. Mo mọ̀ yín."

"Ọjọ́ wo tiẹ̀ ni ìgbéyàwó ọ̀hún?"

"A ṣì ń wò ó."

Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ télọ̀ wọ aṣọ télọ̀ mìíràn lọ́jọ́ tí gbogbo ayé máa wò ó, kí àlejò kan wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá ìyàwó létí pé, "Aṣọ yìí dára o, ẹ̀yin lẹ rán an, àbí?" Ìyá rò ó títí, ojú rẹ̀ ń ta á. Ó lè gba kí gbogbo àdúgbò pè é ní orúkọ tó bá wù wọ́n, àmọ́ kò lè gba èyí. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé iṣẹ́ gbogbo ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé ó ń bá àwọn yòókù ṣe bó ṣe máa ń bá wọn ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ìdí gúnmọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Aago dé lákòókò tó dá gan-an, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi ọlọ́pàá. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ti kù díẹ̀," Aago mí kanlẹ̀, nítorí gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ìyá fi gbé áyọ́ọ̀nù gba orí kóòtù náà kọjá, ó gbọ̀n ọ́n, ó nà án sí i. Dúdú, ó gún régé, ó tán. Aago dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Obìnrin kan tó ti ń wá gba bùbá rẹ̀ láti ìgbà òjò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò wọ́n tìyanutìyanu.

Ìyá sùn dáadáa ní òru méjì tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó ń dúró de Olùkọ́, ọkọ àfẹ́sọ́nà Aago, kó wá mú un lọ wo eré, ó jókòó sídìí maṣíìnì pé kóun fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣẹ́ etí aṣọ kan. Ó tẹ maṣíìnì. Maṣíìnì ń lọ, àmọ́ kò rán nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Abẹ́rẹ́ ti ṣẹ́ sí méjì.

Ìgbà yẹn ló rántí. Apá ọ̀tún kóòtù olórin ló ń rán lọ́jọ́ Jímọ̀ tí abẹ́rẹ́ náà fi ṣẹ́, bó ṣe dé ìparí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó dìde láti lọ mú òmíràn, ó rí Aago lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ó ti kù díẹ̀, ọwọ́ tí ì bá fi mú abẹ́rẹ́ ló fi gbé áyọ́ọ̀nù. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ṣẹ́ látorí apá ọ̀tún, kí ló wá fi rán apá òsì?

Kò fi nǹkan kan rán an. Tákìn ló wà lára rẹ̀. Tákìn ni rírán gbọọrọgbọọrọ tí télọ̀ ń fi ọwọ́ ṣe, láti kàn fi gbá apá mú mọ́ èjìká, kó lè wò ó bóyá ó gún kí maṣíìnì tó gba orí rẹ̀. Bí ènìyàn bá fà á díẹ̀, á tú, torí kó lè tú ni wọ́n ṣe ṣe é. Òwú tó yàtọ̀ ni wọ́n máa ń lò fún un, funfun lára dúdú, kí ojú lè rí i, kí ọkàn má gbàgbé. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí ìyá dìde lọ wá òwú funfun lọ́jọ́ yẹn. Dúdú ló wà nítòsí, dúdú ló fi ṣe é, ó sì jọ iṣẹ́ tó parí lójú òun fúnra rẹ̀.

Ó mú fóònù láti pe Aago, ó tún gbé e kalẹ̀. Bó bá pè é, aṣọ ìgbéyàwó ti lọ sí iwájú ilé ìfowópamọ́ nìyẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Ọmọkùnrin yẹn kì í mira. Ilẹ̀ ló ń wò. Bó bá ta gìtá tán láìgbé apá sókè, òun á ní kó mú kóòtù náà padà wá kóun tún bọ́tìnnì rẹ̀ wò, òun á rán an, ó parí. Gbogbo ohun tó kù ni kí òun wà níbẹ̀ kóun máa ṣọ́ ọ. Kó tó jáde, ó gún abẹ́rẹ́ olówùú dúdú sínú ọrùn aṣọ ara rẹ̀.

Òkè ilé ìtajà ibùsùn kan ni wọ́n ti ṣe eré náà, nínú gbọ̀ngàn gbọọrọ kan tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní dúdú. Àwọn ọ̀dọ́ ti kún ibẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò pariwo. Olùkọ́ wá àga fún ìyá níwájú pátápátá.

"Ta ló kú?" ni ìyá bi í ní wúyẹ́wúyẹ́.

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Bí wọ́n ṣe ń gbádùn nìyẹn."

Olórin jáde. Obìnrin kan wà nídìí ìlù, ọkùnrin kan gbé gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ kọ́ ọrùn, Aago sì wà lẹ́yìn gbogbo èrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kóòtù náà dára lára olórin débi pé ìyá gbàgbé ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo bó ṣe ṣubú láti èjìká. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tó gbé e dúró, ló bá fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀.

Orin àkọ́kọ́ sọ nípa ẹnì kan tó jókòó sórí ibùsùn látàárọ̀ tó ń wo ògiri. Inú ìyá dùn. Èyí ni orin, ó wí nínú ara rẹ̀. Ẹni tó jókòó kò ní ju apá. Èkejì sọ nípa ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀, tí kò fẹ́ dìde. Ìyẹn tiẹ̀ tún dára jù. Bó ṣe parí, ìyá pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ. Ní ẹ̀kẹta, obìnrin onílù bẹ̀rẹ̀ sí í yára, gìtá ń ké, èjìká olórin ń mì, okùn tó fi gbé gìtá kọ́ èjìká sì ń há mọ́ kóòtù náà lápá òsì. Ìyá di etí àga mú.

"Rọra," ló wí. "Rọra, ọmọ mi. Kí ló ń lé ẹ?"

Ọmọdébìnrin kan tó dúró nítòsí rẹ̀ gbọ́, ó mi orí, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Olùkọ́ pẹ̀lú ti ń nu ojú láti orin àkọ́kọ́. Ó rò pé ìyá ìyàwó òun ti bá àwọn wọ ẹgbẹ́.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀ tó báyìí, mà."

"Sọ fún un kó kọ èyí tó bani nínú jẹ́ jù báyìí lọ."

Olùkọ́ ò lè sọ fún olórin, ìyá wá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí orin parí, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́. "Èyí tó banú jẹ́, jọ̀ọ́," ló wí. "Èyí tí wọ́n ti jókòó." Àwọn ọ̀dọ́ náà yíjú wò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọn ò rí arúgbó tó mọ orin tó báyìí rí. Olórin gan-an gbójú sókè díẹ̀, ó wò ó, ó sì kọ orin gígùn kan tó ń falẹ̀, nípa ilé tó ṣófo, kò sì mira rárá. Bí ìyá bá lè fi àṣẹ sí i, orin yẹn nìkan ni ì bá máa kọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀ ni Olùkọ́ ti gbá a lápá pẹ́lẹ́, ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Èyí tó kàn lẹ máa fẹ́ràn jù, mà. Bó bá dé àárín ẹ̀, ó máa ń gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè pátápátá, á fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo wa la máa ń gbé e sókè pẹ̀lú ẹ̀."

"Ọwọ́ wo?"

"Òsì, mà."

Ìyá fẹ́ dìde. Orin ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti ń tú ọwọ́ tí wọ́n ká mọ́ àyà, olórin ti ń pa ojú dé. Nígbà tó dé àárín, tí ìlù dákẹ́ lójijì, ó na ọwọ́ òsì sókè bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan àjà, gbogbo gbọ̀ngàn nà á pẹ̀lú rẹ̀. Kóòtù ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Apá òsì já kúrò léjìká, ó bọ́ wálẹ̀ yí ọwọ́ rẹ̀ ká, ó sì fi ẹ̀wù funfun tó wọ̀ sínú hàn fún gbogbo ayé.

Olórin wo apá kóòtù náà. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ má bínú," ló wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo fà á jù. Bí wọ́n bá fún mi ní nǹkan tó dára, kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi."

Gbogbo ilé kẹ́dùn. Olùkọ́ sọ ojú kalẹ̀, ó ń sunkún tọkàntọkàn. Ìyá náà ì bá sunkún, ṣùgbọ́n ti ayọ̀ ni tirẹ̀ ì bá jẹ́, torí pé ọ̀nà là gbàràgadà níwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti gbé ẹ̀bi wọ̀ fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Irú ẹni tó ń gba ẹ̀bi òjò ni. Kí ìyá ṣáà ti pa ẹnu mọ́, kí ó káàánú rẹ̀ bí àwọn yòókù ti ń káàánú rẹ̀, Aago á gbà pé ó fà á jù ni, aṣọ ìgbéyàwó á dúró sílé. Ó tilẹ̀ ti ń mi orí, ó ń ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́.

Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé irú télọ̀ wo nìyẹn, tí ènìyàn á kàn gbé ọwọ́ tí aṣọ á fi já. Ìyá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àmọ́ Olùkọ́, tí kì í ní ibi nínú, wá tẹ̀ sí i létí, ó fi gbogbo ìfẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ bi í pé, "Ṣé òwú yẹn ni kò lágbára, mà?"

Ìyẹn ni kò ṣe é gbé mì. Kí wọ́n ní ó pẹ́, ó gbà, ó pẹ́. Kí wọ́n ní ó máa ń purọ́ ọjọ́, ó gbà. Ṣùgbọ́n kí ayé gbọ́ pé ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán já nítorí pé ènìyàn nawọ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì rìn láti gbọ̀ngàn yìí dé àdúgbò, ó sàn kó kú. Ó dìde, àga rẹ̀ wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò já," ló wí. "Mi ò rán an ni."

Gbogbo orí yí sí i.

"Ìwọ kọ́ lo fà á jù," ló wí fún olórin. "Tákìn ló wà lára ẹ̀. Mo gbàgbé, mo sì rántí lọ́sàn-án yìí, mo dákẹ́. Ohun tí èmi bá rán kì í já. Apá ọ̀tún nìyẹn, òun ni mo rán. Fà á."

Olórin fi ìtìjú fà á díẹ̀.

"Mo ní kí o fà á. Ṣé ọmọ lò ń rẹ̀ lẹ́kún ni?"

Ó fà á. Kò tú. Obìnrin onílù sọ̀kalẹ̀ wá bá a fà á, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kò tú. Onígìtá olóhùn ìsàlẹ̀ bá wọn dá sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fa apá kóòtù kan síhìn-ín sọ́hùn-ún títí olórin fi ṣubú jókòó, òwú kan ò sì yẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí kì í rẹ́rìn-ín náà bú sẹ́rìn-ín. Olórin jókòó sílẹ̀, òun pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀rín sí lójú.

"Ṣé ẹ rí i," ni ìyá wí, kò wo ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Aago ń wo òun láti ẹ̀yìn, ó sì mọ̀ pé òun ti fi ẹnu ara òun gbé aṣọ ìgbéyàwó náà fún télọ̀ aláago iwájú ilé ìfowópamọ́. Ó yọ abẹ́rẹ́ nínú ọrùn aṣọ, ó gun orí ìtàgé, ó ní kí olórin jókòó sórí àpótí, kí ó máa kọrin rẹ̀ lọ, kí ó má sì mira.

"Èwo ni kí n kọ, mà?"

"Èyí tó gùn."

Ó kọ ọ́. Orin nípa ọmọ kékeré kan ni, tó dúró lójú fèrèsé tó ń retí ẹni tó ní òun ń bọ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rán, ojú rẹ̀ kò ju ìka kan sí ọrùn olórin. Láti orí àga ìsàlẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn nínú gbogbo orin tí olórin ti kọ láti ìrọ̀lẹ́, apá kóòtù ló gbà á lọ́kàn. Ní báyìí, kò sí ibi tó lè fi etí sá sí. Ọmọ inú orin náà kò bínú, kò pariwo. Ó kàn ń nu fèrèsé kó lè ríran dáadáa. Ìyá rántí ọjọ́ kan tí ilé ìwé wọlé, tí Aago wọ aṣọ ilé ìwé àtijọ́ lọ, tó ti ga kọjá orúnkún, torí tuntun ò tíì tán. Ó máa ń gba ṣọ́ọ̀bù kọjá lójoojúmọ́, á yọjú, á wo orí ìkọ́ aṣọ, á sì máa lọ. Kò béèrè rí. Ìyá ti fi í yangàn fún àwọn oníbàárà nígbà náà pé, "Ọmọ tèmi kì í yọ ènìyàn lẹ́nu." Ó dùn ún gan-an báyìí, ó dùn ún débi pé ó gún ara rẹ̀ nínú ìka.

"Yéè," ló wí. "Yí ọrùn ẹ sápá ibí. Má mí sínú tó bẹ́ẹ̀, ò ń fà mí láṣọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ, torí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà láàárín òun àti olórin. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lè pa ohùn náà. Kò pa á. Ó tilẹ̀ fà á sókè díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bá olórin wí pé kó tún apá orin kan kọ, abẹ́rẹ́ ò tíì dé abíyá.

Nígbà tí eré parí, ìyá lọ dúró sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ìtàgé, láàárín àpótí àti wáyà. Olórin bọ́ kóòtù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," ó sì sá lọ. Aago wọlé, Olùkọ́ tẹ̀ lé e. Aago gba kóòtù náà, ó yí apá òsì síta, ó gbé e sábẹ́ gílóòbù, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán náà lọ títí dé ìparí.

"Mi ò ní bẹ̀ ẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àdéhùn ni àdéhùn. Máa gbé e lọ sọ́dọ̀ aláago." Ó fẹ́ sọ ọ́ bí akọni, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

"Ẹ bi mí ní ọjọ́ ìgbéyàwó, mo ní a ṣì ń wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ lo wí."

"A ò wo nǹkan kan. Mi ò mú ọjọ́, torí mo mọ ẹni tó bí mi. Ọjọ́ tí ẹ bá rán aṣọ mi tán, tí mo wọ̀ ọ́, tí mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọjọ́ yẹn la máa jókòó mú ọjọ́."

"Aláago ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni mo kàn máa ń gbà kọjá."

Olùkọ́ ò gbọ́ nípa ètò yìí rí. Ó ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ sunkún lórí ìbànújẹ́ ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ wá gbẹ lójijì. Ó wo ìyá, ó wo ọ̀nà, ó rántí obìnrin tí Aago ti ròyìn fún un, tó ń wá gba bùbá rẹ̀ láti ìgbà òjò.

Ìyá ti fa téèpù jáde nínú àpò. "Na ọwọ́," ló wí fún ọmọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ yẹ kó lo téèpù, torí ó mọ ìwọ̀n Aago sórí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó fi téèpù lé èjìká rẹ̀, ó fà á dé ọrùn ọwọ́, ó wò ó. Ó gbé ojú kúrò, ó tún un wò. Ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí.

"O ti sanra," ló wí.

"Mi ò sanra, Màmá. Ìgbà tí mo wà nílé ìwé lẹ ti wọ̀n mí gbẹ̀yìn."

Ìyá wo aṣọ tó wọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí aṣọ lára ọmọ yìí, aṣọ tí wọ́n rà lórí ìkọ́, tó tóbi jù léjìká, tó kúrú jù lápá, kò sì bi í rí pé ta ló rán an. Kò sí ọrùn tí kò tíì fi téèpù yí ká ládùúgbò.

"Ó máa tán nígbà wo, mà?" ni Olùkọ́ bi í láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìyá tún ọmọ rẹ̀ wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ iye tó jẹ́. Aago náà mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n, kò sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.